Oṣù Mẹ́ta Níhìn-ín, Oṣù Mẹ́ta Lọ́hùn-ún: Ìlera Àwọn Òbí Tí Ó Ń Bẹ Ọmọ Wọn Wò Ní Zongo, Niamey

Ẹ̀yin olùtọ́jú àgbàlagbà àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, a fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ àwọn òbí kan yẹ̀ wò pẹ̀lú yín. Àwọn ni òbí tí ọmọ wọn ń ṣòwò tàbí tí ó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n máa ń lọ bá ọmọ náà gbé fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, tí wọn yóò padà wá sílé, tí kò sì ní pẹ́ tí wọn yóò tún di ẹrù wọn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìyá ni. Ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ, ó sì lọ wẹ ọmọ. Nígbà tí yóò fi di orí ọmọ kejì àti ìkẹta, ìrìnàjò náà ti di àṣà, ìyá yìí sì lè máa lo ìdajì ọdún nílẹ̀ àjèjì láìsí ẹnikẹ́ni tí yóò pè é ní olùgbé ibẹ̀. Àlejò ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn agbófinró. Àlejò náà ni orúkọ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà.

Àdúgbò tí a mú ṣe àpẹẹrẹ ni Zongo, ní ìlú Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger. (Kì í ṣe Ìpínlẹ̀ Niger ti Nàìjíríà ni a ń wí.) Orúkọ náà ti èdè Hausa wá, ibi tí àwọn oníṣòwò arìnrìnàjò ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ kí wọ́n tó máa bá ọ̀nà wọn lọ ni ó túmọ̀ sí. Bí Sábó ti rí fún àwọn Hausa ní Ìbàdàn láti ọdún 1916, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Zongo rí fún àlejò ní ọ̀pọ̀ ìlú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn Yorùbá oníṣòwò láti Nàìjíríà àti láti Benin ti pẹ́ ní Niamey, Odò Ọya tí ó ṣàn gba Jẹ́bà kọjá náà ni ó sì ṣàn gba ibẹ̀. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Benin yóò la Parakou àti Malanville kọjá, yóò rékọjá odò sí Gaya, yóò sì tún rin nǹkan bí 300 kìlómítà kí ó tó dé Niamey. Ẹni tí ó bá gba Sókótó yóò wọlé ní Birni N'Konni, èyí tí ó ju 400 kìlómítà sí olú-ìlú náà.

Òfin ẹnubodè àti òfin oògùn

Ohun tí ó mú ìrìnàjò yìí rọrùn fún àwọn òbí wa ni àdéhùn ECOWAS tí wọ́n fọwọ́ sí ní ìlú Dakar ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1979. Àdéhùn náà gba ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láàyè láti wọ orílẹ̀-èdè kejì láìgba físà, kí ó sì dúró fún 90 ọjọ́, bí ó bá ti ní ìwé ìrìnnà àti ìwé ẹ̀rí ìlera tí a tẹ́wọ́ gbà káàkiri ayé. Ẹ kíyè sí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìlera ti wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀pọ̀ èrò ọkọ̀, ìwé ìlera kò ju yẹ́lò káàdì lọ, èyí tí ó jẹ́rìí pé wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń rà á láìgba abẹ́rẹ́ kankan.

Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023, àwọn ológun gba ìjọba ní Niamey. Ní ọjọ́ 30 oṣù kan náà, ECOWAS pàṣẹ pé kí wọ́n ti ẹnubodè ilẹ̀ àti ti òfuurufú mọ́ Niger, kí wọ́n sì dá káràkátà dúró. Nàìjíríà gé iná mànàmáná tí ó ń tà fún wọn, èyí tí ó tó nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún iná tí orílẹ̀-èdè náà ń lò. Ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 2024 ni ECOWAS tó gbé ìjìyà náà kúrò, Ààrẹ Nàìjíríà sì pàṣẹ ní oṣù kẹta ọdún náà pé kí wọ́n ṣí ẹnubodè. Síbẹ̀, Niger kò ṣí ti ẹ̀gbẹ́ Benin nígbà náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025, òun pẹ̀lú Mali àti Burkina Faso jáde kúrò nínú ECOWAS pátápátá.

Òtítọ́ ni pé ọ̀nà kò dí nítorí ìjáde náà. Àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́ta yìí ti kéde ní oṣù kejìlá ọdún 2024 pé àwọn kò ní béèrè físà lọ́wọ́ ọmọ ECOWAS, ECOWAS náà sì kéde pé òun yóò máa tẹ́wọ́ gba ìwé ìrìnnà àwọn ọmọ wọn títí di ìgbà tí òun bá tún sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀: ohun tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ nínú ìwé àdéhùn fún ohun tí ó ju 40 ọdún lọ ti di ohun tí ó dúró lórí ìkéde, ìkéde a sì máa yí padà ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá ń tọ́jú àgbàlagbà tí ó ń rin ọ̀nà yìí gbọ́dọ̀ máa ro èyí mọ́ iye oògùn tí yóò fún un.

Ẹ wo ìṣirò yìí. Ká ní ìyá kan tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru wọ Niamey ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ọdún 2023, pẹ̀lú 90 hóró amlodipine nínú àpò rẹ̀, ọ̀kan fún òòjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó ti ṣe ohun gbogbo bí ó ti yẹ, nítorí oògùn rẹ̀ bá iye ọjọ́ tí òfin fún un mu rẹ́gí. Oògùn náà yóò tán ní ìparí oṣù kẹsàn-án. Ẹnubodè kò sì ṣí títí di ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Oṣù márùn-ún ó kéré tán ni yóò fi wà láìsí oògùn tí ó gbé wá láti ilé.

Ẹnìkan lè béèrè pé ṣé wọn kì í ta amlodipine ní Niamey ni. Wọ́n ń tà á. Ohun tí ó máa ń dí ìyá náà lọ́wọ́ ni pé kò sí dókítà tí ó mọ̀ ọ́n níbẹ̀, kò gbọ́ Faransé, kò gbọ́ Zarma, bóyá Hausa díẹ̀ ni ó gbọ́, ọjà ọmọ rẹ̀ sì há sí ẹnubodè lákòókò náà, tí ó fi jẹ́ pé ojú ń ti ìyá láti dá ìnáwó mìíràn sílẹ̀. Yóò ní, "Ara mi le, ẹ má ṣe ìyọnu." Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera sì mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun ènìyàn. Ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í mọ̀ pé ó ti ga kọjá ààlà títí àrùn rọpárọsẹ̀ yóò fi dé.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má ṣe fi iye ọjọ́ ẹnubodè ṣe iye oògùn. Bí ìbẹ̀wò bá jẹ́ 90 ọjọ́, oògùn 120 ọjọ́ ni kí òbí gbé lọ, kí ó sì wà nínú àpò ọwọ́, kì í ṣe nínú ẹrù tí wọ́n dì sórí ọkọ̀. Kí oògùn kọ̀ọ̀kan wà nínú páálí rẹ̀. Ilé ìwòsàn tí ó ń fún aláìsàn ní oògùn oṣù kan péré, tí ó sì ní kí ó padà wá gba òmíràn, gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ níbi àyẹ̀wò bóyá ìrìnàjò wà níwájú. Àwọn ìyá wa kì í sọ ọ́ fúnra wọn. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé nọ́ọ̀sì yóò ní kí wọ́n má lọ.

Ìwé kan fún ilé ìwòsàn méjì

Ọ̀rọ̀ tí ó kàn ni ti ìwé. Bí òbí bá ń lo ìdajì ọdún ní Ṣakí, tí ó sì ń lo ìdajì kejì ní Niamey, ilé ìwòsàn méjì ni ó ń tọ́jú ènìyàn kan, àwọn méjèèjì kò sì mọ ara wọn. Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú kan fún un kí ó tó lọ: àìsàn rẹ̀, oògùn rẹ̀ àti bí ó ṣe ń lò ó, ohun tí ara rẹ̀ kò gbà, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ nígbà mẹ́ta tí ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́yìn, àti nọ́ńbà tẹlifóònù tí wọ́n lè pè. Orúkọ oògùn gan-an ni kí ẹ kọ, kì í ṣe orúkọ tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é fi sí ara páálí. Metformin ni à ń pè é lọ́dọ̀ wa, metformine ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ̀wé yóò dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ara páálí lè máà sí ní Niamey rárá.

Ọ̀ràn nọ́ńbà náà wà, a sì gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ níbẹ̀ nítorí pé ó ti da ọ̀pọ̀ olùtọ́jú lọ́kàn rú. Ní àwọn ilẹ̀ tí ó ń sọ Faransé, wọ́n sábà máa ń pe ẹ̀jẹ̀ ríru ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà, nígbà tí a ń pe tiwa ní ìwọ̀n mìlímítà. Èyí tí à ń pè ní 140 lórí 90 ni wọn yóò pè ní 14 lórí 9. Nígbà tí ìyá bá gbọ́ pé tirẹ̀ jẹ́ 16 lórí 10, ó lè rò pé ó ti lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òun lè fi oògùn sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ 160 lórí 100 ni wọ́n ń sọ fún un, èyí tí ó ga. Bákan náà ni ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Níbẹ̀, gíráàmù nínú lítà kan ni wọ́n fi ń kà á. 1.26 tiwọn ni 126 tí à ń kọ sínú ìwé wa, òun náà sì ni 7.0 fún àwọn ilé àyẹ̀wò tí ó ń lo ìwọ̀n mmol. Ẹ kọ méjèèjì sínú lẹ́tà. Ẹ kọ́ ìyá náà pẹ̀lú, kí ó mọ nọ́ńbà tirẹ̀ ní ọ̀nà méjèèjì gẹ́gẹ́ bí ó ti mọ owó náírà àti owó CFA. Obìnrin tí ó bá lè ṣírò pààrọ̀ owó lẹ́nu ibodè kò ní kùnà láti ṣírò èyí.

Ooru, ọyẹ́ àti iná tí ó lọ

Láti oṣù kẹta títí dé oṣù karùn-ún, ooru Niamey a máa kọjá 40 lórí ìwọ̀n Celsius lọ́sàn-án. Ara àgbàlagbà kì í tètè mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Bí ó bá tún ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí í mú kí ènìyàn tọ̀ púpọ̀, bí hydrochlorothiazide, omi ara rẹ̀ lè gbẹ, òòyì lè kọ́ ọ bí ó ti dìde, kíndìnrín rẹ̀ sì lè fara gbá a. Kí ó má ṣe dá oògùn dúró fúnra rẹ̀ o. Kí wọ́n máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ léraléra, kí dókítà sì pinnu bóyá ó yẹ kí a dín ìwọ̀n oògùn náà kù. Kí ọmọ rẹ̀ máa gbé omi fún un láìdúró de ìgbà tí yóò béèrè, àfi bí dókítà bá ti ní kí ó dín omi kù nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín. Bí àwẹ̀ Rámádàn bá bọ́ sí àkókò ooru, gẹ́gẹ́ bí ó ti bọ́ sí i ní ọdún 2024, kí ẹ jíròrò rẹ̀ pẹ̀lú ìyá kí oṣù náà tó wọlé.

Àwọn tí ó ń lo ínsúlínì nítorí àtọ̀gbẹ ni ọ̀ràn iná mànàmáná kàn jù. Inú fíríìjì, láàrin ìwọ̀n 2 sí 8, ni ínsúlínì tí a kò tíì ṣí yẹ kí ó wà. Èyí tí a ti ṣí lè wà níta fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bí ó bá jẹ́ ọ̀pọ̀ irú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ibẹ̀ má ṣe gbóná ju 25 tàbí 30 lọ. Nígbà tí iná lọ ní Niamey ní ọdún 2023, fíríìjì di àpótí lásán nínú ọ̀pọ̀ ilé. Ọgbọ́n kan wà tí ó wúlò ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ kan láti ìhà Jigawa, Mohammed Bah Abba, ni ó sọ ọ́ di mímọ̀ láti ọdún 1995, tí ó sì gba ẹ̀bùn Rolex lé e lórí ní ọdún 2000. Ẹ gbé ìkòkò amọ̀ kékeré sínú ńlá, ẹ kó iyanrìn sáàrin wọn, ẹ máa bu omi sí iyanrìn náà, ẹ sì fi aṣọ tútù bò ó. Nítorí ẹ̀fọ́ àti tòmátì ni ó ṣe gbé e jáde, ṣùgbọ́n ó lè dín ooru kù fún ínsúlínì tí a dì sínú ọ̀rá kí omi má kàn án. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti gbẹ ni ó ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà kò ní ràn yín lọ́wọ́ púpọ̀ ní àkókò òjò. Kò tún lè dé ìwọ̀n 8, ó kàn sàn ju orí tábìlì lọ ni. Ẹ má sì ṣe gbé ínsúlínì lé yìnyín. Èyí tí ó bá ti dì ti bàjẹ́.

Nígbà ọyẹ́ títí di ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀, àrùn yírùnyírùn, èyí tí í mú ọrùn gan, ni ẹ gbọ́dọ̀ máa ṣọ́. Ní ọdún 2015, àjàkálẹ̀ rẹ̀ mú ènìyàn tí ó ju 8,000 lọ ní Niger, ó pa èyí tí ó ju 500, Niamey sì wà lára ibi tí ó ti le jù. Irú kòkòrò tí wọ́n ń pè ní C ni ó fà á. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti fún àwọn ènìyàn láti òpin ọdún 2010 kò sì dènà èyí, irú A nìkan ni ó wà fún. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ láyé tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo abẹ́rẹ́ tuntun tí ó dènà irú márùn-ún, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ọdún kan sí 29 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá ẹni 60 ọdún kò sí nínú wọn. Òun gbọ́dọ̀ béèrè abẹ́rẹ́ irú mẹ́rin tí wọ́n ń fún àwọn tí ó ń lọ sí Mẹ́kà. Bí ó bá ti lọ sí Haji láàrin ọdún mẹ́ta sí márùn-ún sẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kí ààbò rẹ̀ ṣì wà. Ẹ yẹ káàdì rẹ̀ wò. Bí ibà, orí fífọ́ kíkankíkan àti ọrùn gígan bá sì mú un nílé ọmọ rẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Nàìjíríà, bí àgbàlagbà bá bá ibà wá bá yín, ẹ bi í léèrè ibi tí ó ti ń bọ̀ kí ẹ tó kọ oògùn ibà lásán fún un.

Àlejò tí í ṣe olùtọ́jú

A kò gbọ́dọ̀ gbàgbé pé iṣẹ́ ni ìyá yìí bá lọ. Òun ni ó ń jí lóru, tí ó ń wẹ ọmọ, tí ó ń se ọbẹ̀ fún abiyamọ. Ní Niamey, yóò bá ìbéèrè kan pàdé tí ooru mú le: ṣé kí a fún ọmọ tuntun ní omi? Òun fúnra rẹ̀ fún àwọn ọmọ tirẹ̀ ní omi àti àgbo, wọ́n sì yè. Ilé ìwòsàn ń sọ pé ọyàn nìkan fún oṣù mẹ́fà. Ọyàn fúnra rẹ̀ ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ní omi, nítorí náà ó tó fún ọmọ àní nínú ooru, nígbà tí omi tí kò mọ́ lè mú ìgbẹ́ gbuuru wá. Ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀sì bá bá ìyá àgbà wí níwájú ọmọ rẹ̀, yóò dákẹ́ ni, omi náà yóò sì wọ ẹnu ọmọ lóru. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó mọ ìtọ́jú: "Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, Mà. Òótọ́ ni, ooru yìí pọ̀. Ọyàn ni kí ìyá rẹ̀ túbọ̀ máa fún un. Ẹ̀yin àti ìyá rẹ̀ ni kí ẹ máa mu omi." Ẹ sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bá gbé ọmọ wá fún abẹ́rẹ́. Èyí kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú bóyá ó ń bá abiyamọ mu ẹ̀kọ tí àwọn aládùúgbò Hausa fi káún sè, nítorí pé iyọ̀ tí ó wà nínú káún kò dára fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru.

Bí a bá wo yàrá tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ní ipò tirẹ̀ lójú ètò ìlera. Láti ọdún 2005 sí 2006 ni Niger ti gbé ètò ìtọ́jú ọ̀fẹ́ kalẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, fún àyẹ̀wò aboyún àti fún iṣẹ́ abẹ ìgbẹ̀bí. Ọmọ wà nínú ètò, ìyá ọmọ wà níbẹ̀ dé ààyè kan, ìyá àgbà kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ fún àwọn òbí tí ó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Físà àbẹ̀wò Britain lè wà fún ọdún méjì, márùn-ún tàbí mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ìbẹ̀wò kan kì í ju oṣù mẹ́fà lọ, òfin wọn sì kọ̀ fún ẹni tí ó bá fi ìbẹ̀wò àtúnṣe sọ ibẹ̀ di ilé. Bí wọ́n bá dá irú àlejò bẹ́ẹ̀ dúró sí ilé ìwòsàn NHS ní England, ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún iye ìtọ́jú náà ni wọ́n lè kọ fún un. Gbèsè tí ó bá tó 500 pọ́ùn-ún sì lè mú kí wọ́n kọ físà rẹ̀ nígbà tí ó bá tún béèrè. Kò sí irú ìwé gbèsè bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ibodè Gaya. Síbẹ̀, àbájáde rẹ̀ kan náà ni níbi méjèèjì: àgbàlagbà ń fi àìsàn pamọ́ kí ó má baà di ẹrù lórí ọmọ.

Nítorí èyí ni a fi ń rọ àwọn ọmọ tí ó wà ní Zongo pé kí wọ́n ya owó ìtọ́jú sọ́tọ̀ kí ìyá tó gbéra, pẹ̀lú owó ọkọ̀, kí wọ́n sì sọ fún un pé owó náà wà. Kí wọ́n mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, kí káàdì rẹ̀ lè wà níbẹ̀, kí wọ́n má ṣe dúró de òru tí wọn yóò gbé e sáré lọ sí Hôpital National láìsí ìwé kankan lọ́wọ́.

Ó ku Bàbá tí ó wà nílé. Nígbà tí ìyá bá lọ fún oṣù mẹ́ta, ta ni ó ń rán an létí oògùn? Ta ni ó ń mọ̀ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú, tàbí bí ó bá jẹ gààrí lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan? Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ìran yẹn kò mọ orúkọ oògùn ara wọn, ìyàwó ni ó mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ tí ìyá bá wá gba oògùn ìrìnàjò rẹ̀, ẹ ní kí ó mú ọkọ rẹ̀ dání, ẹ kọ oògùn tirẹ̀ náà sílẹ̀ fún un, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ wọn nọ́ńbà ẹni tí yóò máa yà sí ọ̀dọ̀ Bàbá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ títí ìyá yóò fi dé.